Wákàtí Méjì Tí Mo Sọ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, ẹ ń dí atẹ́gùn mọ́ wa. Ẹni tí kò bá rí àga kó jókòó lé àpò aṣọ yẹn, aṣọ tí mi ò tíì fọ̀ ni, kò sí ohun tó máa ṣe é. Mo ti gbé ìrẹsì kaná, ẹja wà nínú ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fi ebi lọ sílé lónìí. Ṣùgbọ́n kí ìrẹsì tó jiná, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìfẹ́ kan fún yín. Ó dùn. Ó dùn bí orin ṣe ń dùn lẹ́nu ẹni tó ń sunkún.

Ìwé kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Lẹ́tà máa ń bá mi jà, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà, mo sì mọ agogo wò dáadáa. Ẹ fi nọ́ńbà tí mo mọ̀ yẹn sọ́kàn, torí òun ló kó wa síyọnu.

Aṣọ ni mò ń fọ̀ tí mo sì ń lọ̀ jẹun. Ilé ìfọṣọ mi kò jìnnà sí pápá bàálù. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń kó aṣọ iṣẹ́ wọn wá fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi, ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Bí mo bá dá orin níhìn-ín, òòlù rẹ̀ á máa gbè é lọ́hùn-ún. Lójú rẹ̀, ẹ̀yin ni mo máa ń pè é. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó", kẹ́ ẹ má baà rò pé èèyàn méjì ni. Èèyàn kan ṣoṣo ni, ó sì tó èèyàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wọn pákó kó tó gé e lẹ́ẹ̀kan. Téépù kì í kúrò lápò ṣòkòtò rẹ̀. Mo rò pé ó ń gbé e sùn. Ọmọ kan ló bí, obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́fà lọmọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ tọ́ ọ. Nígbà tó dàgbà, ó ríṣẹ́ ní pápá bàálù, ìdí òṣùwọ̀n tí wọ́n ti ń wọn ẹrù àwọn arìnrìn-àjò. Bí ẹrù rẹ bá fi ìwọ̀n ike omi kan péré lé, ó máa ní kó o tú u. Ni wọ́n bá ń pè é ní Kílò. Kò bínú sí i. Àwa náà ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé àpò irin wá síwájú rẹ̀.

Kílò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹrù yín fi kílò mẹ́rin lé."

"Irin iṣẹ́ ni, àǹtí. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mo wá tún ṣe. Ẹ ṣàánú mi."

"Òṣùwọ̀n ò mọ àánú. Ẹ yọ kílò mẹ́rin."

Ọkùnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà sápò kóòtù, ó ki òmíràn sínú ìbọ̀sẹ̀. Ó ń rìn lọ, ó ń dún woroworo bí àpótí ṣíbí. Nígbà tó dé ẹnubodè tó máa ń ké bí irin bá gbabẹ̀ kọjá, ariwo ta. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú un padà wá bá Kílò. Kílò rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọkùnrin náà wá bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ bá mi tọ́jú wọn. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń rán mi wá síbí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dípẹtà."

Báyìí ni sípánà mẹ́sàn-án ṣe wọ ilé ìfọṣọ mi. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ọmọ yìí á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, á máa fi òróró nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún kó wọn jọ bí wọ́n ṣe ga tó. Mo ń wò ó.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ti jẹun, àwọn ọmọ rẹ yìí?"

"Àǹtí Olórin, ẹ fi mí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má dípẹtà ni."

"Irin lè dípẹtà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìpẹtà tó ń mú èèyàn wo kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́."

Ó ju àkísà lù mí. Mo bú sórin:

*Kí ló ń dán lọ́wọ́ ọmọ mi?*
*Irin ni, irin ni.*
*Kí ló ń dán lójú ọmọ mi?*
*Ẹ má bi mí, ẹ má bi mí.*

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọkùnrin náà dé. Ó wo àwọn irin rẹ̀, wọ́n ń dán ju ìgbà tó rà wọ́n lọ. Nígbà tó ń padà, ó tún fi wọ́n sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpò rẹ̀ ò kún. A sọ ọ́ ní Onírin. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe báyìí, ọ̀sẹ̀ kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ bá mi kà á, ọjọ́ tí wọ́n fi ojú kanra kò ju méjìlélógójì lọ. Kílò wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ sáàárín aṣọ.

"Àǹtí, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Èmi náà fẹ́. Ẹ bá mi bá Bàbá sọ ọ́."

Orin gbẹ lẹ́nu mi, torí mo mọ ohun tó wà nínú bàbá rẹ̀.

A ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ọ̀nà jíjìn ló lọ́kọ sí, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá, ẹ̀gbọ́n mi gbéra lọ́jọ́ náà gan-an. Ó débẹ̀, wọ́n ti sin ín láti àná. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ sàréè náà láti orí dé ìsàlẹ̀, ó yí padà, ó sì wá sílé. Ọjọ́ yẹn ló búra: ọmọ tí òun bá bí kò ní gbé ibi tí òun ò lè lọ kí òun sì bọ̀ lójúmọ́ kan.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń fá pákó.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan wà tó fẹ́ràn ọmọ yín."

"Onírin."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Òróró ìdí ẹ̀rọ mi ló ń tán. Èmi kọ́ ni mò ń lò ó." Ó fá pákó lẹ́ẹ̀kan sí i. "Níbo ló ń gbé?"

"Lókè òkun ni. Ṣùgbọ́n bàálù ni wọ́n ń wọ̀ lọ, kì í ṣe ẹsẹ̀."

"Wákàtí mélòó?"

Mo ń wò káàkiri. Ó na ọ̀bẹ ìfápákó sí mi. "O ò tíì wọ̀n ọ́n lo wá ń bá mi sọ̀rọ̀ pákó. Lọ wọ̀n ọ́n wá."

Nígbà tí Onírin tún dé, mo mú un wọlé tòun ti Kílò lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Onírin dọ̀bálẹ̀, Kílò kúnlẹ̀ sórí ẹ̀fá pákó. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ rẹ síbí, báwo ló ṣe jìn tó?"

Onírin ní, "Bàbá, kí n má parọ́, ó jìn díẹ̀. Ó máa ń tó..."

Ẹ̀yin ará, ayọ̀ ló sọ mí di òmùgọ̀. Mo rí ìwé ìwọkọ̀ rẹ̀ tó yọrí lápò ẹ̀wù, mo sì fà á yọ. Apá ìpadàlọ rẹ̀ ló kù níbẹ̀. Nọ́ńbà méjì hàn gbangba, mo kà wọ́n bí ẹni ka bíbélì.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi! Ó ń gbéra níbí ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ń gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún ní aago méjìlá ọ̀sán. Wákàtí méjì!"

Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé náà, ó wò ó, ó ka ìka rẹ̀: mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá. Ó jókòó. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

"Wákàtí méjì péré? Mo máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí mo ti ń yan ìṣó. Mo lè jẹun àárọ̀ níbí, kí n kí ọmọ mi, kí n sì padà wá sun orí bẹ́ẹ̀dì mi."

Onírin la ẹnu. Mo rí i tí Kílò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo rí i, mo sì rò pé eré ìfẹ́ ni. Onírin pa ẹnu dé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ti Onírin, ó ní, "Mo gbà." Ìgbà yẹn ni mo dá orin, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n kọ èyí fún yín.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n lọ, Kílò wá jókòó tì mí. Ó ń ká aṣọ tí kò sí ẹni tó ní kó ká.

"Àǹtí, bí èèyàn bá mọ ohun kan tí kò sọ ọ́, ṣé irọ́ ló pa?"

"Ó dá lórí ohun tó jẹ́."

"Bí ẹni tí kò sọ ọ́ fún bá ń yọ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Ẹ̀rù ilé ọkọ ni. Gbogbo wa ló bà."

Ó sunkún sínú aṣọ iṣẹ́ oníaṣọ. Mo tún un fọ̀, n kò sì bi í ní ohunkóhun mọ́. Ó yẹ kí n bi í.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, a ya fọ́tò, a ò ju mẹ́jọ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan àpótí fún un, pákó tó fúyẹ́ jù lọ ló wá, ó fá a títí ó fi dà bí páálí. Ó ti bi Kílò pé kílò mélòó ni bàálù gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Kílò gbé àpótí náà ka òṣùwọ̀n òun fúnra rẹ̀, tòun ti aṣọ, tòun ti fọ́tò ìyá rẹ̀ nínú. Kílò mẹ́tàlélógún, kò lé, kò dín. Bàbá rẹ̀ lu ìdérí rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ní, "Mò ń bọ̀ wá kí ọ láìpẹ́. Ìrìn wákàtí méjì."

Ọmọ náà ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọdún kan kọjá kí ìwé àṣẹ ìrìnnà wa tó jáde. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ. Àkọ́wọ̀ wa ni. Ó wọ bàtà tuntun, ó wọ agogo ọwọ́, ó di téépù sápò. Ó ní òun á wọn ilé tí ọmọ òun ń gbé, bóyá wọ́n nílò kọ́bọ́ọ̀dù. A gbéra ní aago mẹ́wàá géérégé. Mo fi orin kékeré kan sìn wá, ẹni tó jókòó níwájú mi gan-an ń mi orí sí i.

Nígbà tó di aago méjìlá, ẹ̀gbọ́n mi dé fìlà, ó wọ bàtà tó ti bọ́, ó dìde dúró.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri sáré wá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"A ti dé, ọmọ mi."

"Rárá o, Bàbá. Ó ṣì kù."

"Ó ku mélòó?"

Ó tọ́ka sí dígí kékeré tó wà lẹ́yìn àga tó kọjú sí wa. Àwòrán ayé ló wà níbẹ̀, òkun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bàálù kékeré kan ń rá lórí ìlà kan, láti ọ̀dọ̀ wa lọ sọ́dọ̀ wọn. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti irínwó máìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó fa téépù yọ, ó fi í lé ojú dígí náà, ó sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ gé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ínṣì méje ni gbogbo ọ̀nà," ó ní. "Ínṣì méjì la ti rìn. Wákàtí méjì. Ínṣì kan, wákàtí kan." Ó wò mí. "Wákàtí méje."

Mo ní, "Ó lè jẹ́ bàálù yìí ni kò yára, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ká téépù padà. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, kò jẹ ẹ́. Bí wákàtí kan bá pé, á tún fa téépù yọ, á wọn ojú dígí. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Mo wá orin nínú ara mi, mi ò rí ọ̀kan. Èmi tí wọ́n ń pè ní Olórin.

A gúnlẹ̀. Agogo ńlá kan wà lára ògiri níbi tí wọ́n ti ń gba èèyàn: aago méjìlá ọ̀sán. Agogo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kílò sáré wá, ó rí ojú bàbá rẹ̀, ó sì dúró láàárín ọ̀nà.

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ bá wọn tún agogo yìí ṣe, ó ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́, Àǹtí. Oòrùn ló ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti máa ń tàn sí yín fún wákàtí márùn-ún kó tó kàn wá. Aago tiyín ni wọ́n kọ fún ìgbéra, aago tibí ni wọ́n kọ fún ìgúnlẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

Bàbá rẹ̀ ní, "O mọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Iṣẹ́ rẹ ni. Ọdún mẹ́rin lo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàálù. O mọ̀ nígbà tí mò ń ka ìka."

Kílò kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Onírin tó tẹ̀ lé e wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn dìde, torí kì í ṣe ẹni tó ń dójú ti ọmọ níta.

Ilé wọn, yàrá méjì ni, lókè ilé oògùn kan. Àpótí náà wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó mọ́ tónítóní, fọ́tò ìyá rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdérí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Kì í ṣe jíjìn ló dùn mí. Ẹ fún mi ní ìwọ̀n èké, ẹ sì ní kí n fi gé pákó. Pákó tí mo ti gé, báwo ni mo ṣe fẹ́ tún un so pọ̀?"

Kílò ní, "Bí mo bá sọ wákàtí méje, ẹ ò ní gbà."

"Mi ò ní gbà. Inú á bí ọ, inú á bí èmi náà. Bóyá lẹ́yìn ọdún kan, mo lè rò ó, kí n gbà. Ẹ ò jẹ́ kí n kọ̀. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó kọ̀, báwo ló ṣe gbà?"

Onírin ní, "Bàbá, èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ó yẹ."

Mo ní, "Èmi ni mo kà á, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi aláìmọ̀wé. Ẹ bá mi jà."

"Ìwọ ṣì í wọ̀n ni. Àwọn rí i pé o ṣì í wọ̀n." Ó gbé àpò rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì a padà sílé. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún Kílò kẹ́yìn ni pé, "Má wá títí n ó fi ránṣẹ́ pè ọ́."

Ọdún méjì ni kò fi ránṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ọdún méjì kì í ṣe nǹkan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ wò ó lójú èèyàn. Òòlù rẹ̀ ò bá orin mi lọ mọ́. Onírin ṣì ń wá tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, ó sì ń yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé àga fún un, wọ́n á sọ̀rọ̀ pákó, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò. Bí ó bá fẹ́ dìde lọ ni ẹ̀gbọ́n mi á tó bi í, láìwo ojú rẹ̀, "Ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, Bàbá."

"Ó dáa."

Kílò á pè mí lórí fóònù. "Àǹtí, ṣé Bàbá sọ nǹkan?" Mo máa ń ní kò tíì sọ. Mo máa ń gbọ́ tí irin ń kan irin níbi tó jókòó sí. Ó ṣì ń fi òróró nu sípánà ọkọ rẹ̀.

Nígbà mìíràn mo máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi láti bẹ̀ ẹ́. Igi pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó fi okùn so kọ́ sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ayùn ya ìlà sí i lára. Mo rò pé òṣùwọ̀n iṣẹ́ kan ni. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó yá, àìsàn mú ẹ̀gbọ́n mi. Ọkàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fò, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ wú. Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ pé ọjọ́ òun kò pọ̀ mọ́.

"Ẹlẹ́nu orin, pe Kílò. Ní mo ní kó wá."

Mo pè é kí ẹ̀rù tó jẹ́ kí n gbàgbé nọ́ńbà. Bàálù àkọ́kọ́ tó rí, aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la lọ́dọ̀ wọn ni. Lọ́dọ̀ wa, aago mọ́kànlá nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń wọn pákó. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní í ṣì í.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ yàrá rẹ̀, mo ní, "Wọ́n ti gbéra."

Ó ní, "Mú igi yẹn wá. Èyí tí mo so kọ́ sórí tábìlì iṣẹ́ mi."

Mo já a wá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì méje, ìlà méje ló wà lára rẹ̀. Ó gbé e lé àyà, ó fi ìka lé ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó síwájú agogo. Bí wákàtí kan bá pé, mo máa sọ fún un, á sì sún ìka rẹ̀ lọ sí ìlà tó kàn.

Ní ìlà kejì ó ní, "Ibí ni mo ti dé fìlà."

Mo ní, "Ẹ sì wọ bàtà. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ bọ́ sínú òkun."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì mú un. Ní ìlà kẹrin ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, mo fún un lómi. Aago mẹ́rin lù.

Mo ní, "Wákàtí márùn-ún."

Ó sún ìka rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Ẹlẹ́nu orin."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ku wákàtí méjì. O rí i, ó ti di wákàtí méjì tìẹ." Ó di ọwọ́ mi mú. "Kọrin fún mi."

Mo kọ ọ́:

*Bàálù, rọra fò,*
*ọmọ wa ń bẹ nínú rẹ.*
*Afẹ́fẹ́, má tì í sẹ́yìn,*
*ọ̀nà ilé ló ń bọ̀.*
*Oòrùn, dúró dè é,*
*má tíì wọ̀, má tíì wọ̀.*

Ó fi ìka kan lu igi náà, pẹ́, pẹ́, ó ń gbè é bíi ti àtijọ́. Mo tún un kọ. Ìgbà kẹta tí mo kọ ọ́, mi ò gbọ́ ìgbè mọ́. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà karùn-ún.

Bàálù gúnlẹ̀ ní aago mẹ́fà. Pápá bàálù kò jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ ni Kílò fi sáré wá, Onírin ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú mi.

"Ìgbà wo?"

"Lẹ́yìn aago mẹ́rin, ọmọ mi."

Ó wọlé. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó rọra mú igi náà kúrò lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó fi ìka tirẹ̀ lé ìlà karùn-ún, ó sún un lọ sí ìkẹfà, ó sún un lọ sí ìkeje. Ó yí igi náà padà.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti rí èyí?"

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ́ńsùlù káfíńtà ni bàbá rẹ̀ fi kọ ọ́. Èmi náà gbìyànjú, mo kà á. *Wákàtí méje. Mo gbà.*

Kì í ṣe ti àná. Pẹ́ńsùlù náà ti ń ṣá, ọwọ́ ti fá a dán, eruku pákó ti wọ inú lẹ́tà. Ó ti gbà tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí Onírin ń jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò, tí mo ń wọlé wá bẹ̀ ẹ́, igi náà ń fì lórí wa, ó ti gbà. Kò kàn mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ jáde ni. Ẹni tó mọ gbogbo nǹkan wọ̀n kò mọ bí ọdún méjì ṣe gùn tó.

Kílò gbé orí lé e láyà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó sọ ọ́ títí, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà fún ọkọ.

Lọ́jọ́ tó ń padà lẹ́yìn ìsìnkú, mo sìn ín dé ibi òṣùwọ̀n rẹ̀ àtijọ́. Ó gbé igi náà nìkan lé e. Nọ́ńbà kò yí, òfo ló fi hàn. Ó dúró tó ń wò ó, títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń ráhùn.

Igi náà wà lára ògiri wọn lókè ilé oògùn báyìí. Ó ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àǹtí, aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín?" Mo máa ń sọ fún un, òun náà á sọ tiwọn, a ó wá bẹ̀rẹ̀.

Ó tó. Òórùn ìrẹsì ti sọ fún mi pé ó jiná. Ẹ nu ojú yín, ẹ na àwo. Ẹnikẹ́ni má sọ pé díẹ̀ tó fún òun nígbà tí kò tó. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìn, kó sọ iye wákàtí rẹ̀ fún mi lóòótọ́, kí n lè bu èyí tó máa gbé e délé.

Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n tún bu ti ẹni tó wà nílé dání. Oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, mo sì ń gbọ́ orin mi lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kọjá igun.